Ìrìn Àjò Mi sí Igbó Ìyá Arulé Nítorí Akàn Kan

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n a máa fi ayọ̀ sọ tirẹ̀. Èmi tí mo pa ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ìtìjú ni mo fi ń sọ tèmi. Ọdẹ́tọ́lá ni orúkọ mi. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i, a kì í sì í fi nǹkan ṣòfò ní agboolé wa. Bí a bá pa ìgalà, ẹran rẹ̀ di ọbẹ̀, awọ rẹ̀ di àpò, ìwo rẹ̀ di èèkù ọ̀bẹ. Ohun tí kò bá ní iṣẹ́, ìta ni ipò rẹ̀. Òfin yìí ni mo gbé wọ ìyẹ̀wù ìyàwó mi, òun ló sì sọ mí di èrò Igbó Ìyá Arulé.

Ìbídùn ìyàwó mi kò rí ọmọ bí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ apẹja ti etí òkun wá kí wa, ó mú akàn méjì wá fún un. Kì í ṣe akàn odò tí ẹ mọ̀. Orí ilẹ̀ ni irú èyí ń gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, nítorí náà ó ń forí pamọ́ sínú ìkarahun tí ẹlòmíràn kú fi sílẹ̀. Bó bá sì dàgbà, á kó lọ sínú èyí tó tóbi díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí Ìbídùn fi ń pè wọ́n ní ayálégbé. Ó da iyanrìn sínú agbada amọ̀ ńlá kan, ó gbé omi dídùn sí apá kan, ó gbé omi iyọ̀ sí apá kejì, ó sì to ìkarahun òfìfo mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Láàárọ̀, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ṣé ẹ jí dáadáa, ẹ̀yin ayálégbé mi? Ta ló jẹ àgbọn mi tán lánàá?" Wọn a sì máa rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lórí ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ a máa dán bí ojú ẹni tí òjò àkọ́rọ̀ bá lóko.

Ọdún mẹ́ta kọjá báyìí. Ní ọjọ́ kan, èyí àgbà wọ inú iyanrìn lọ, kò sì jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìbídùn ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó ń pa awọ dà ni. Bí ẹ bá hú u, ẹ ti pa á nìyẹn."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Nígbà tó lọ sóko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, mo hú akàn náà. Ara rẹ̀ rọ̀, ó funfun bí ìdin, kò mira. Mo ní òkú ni, mo sì jù ú fún adìẹ. Bí mo ti rí ìkarahun mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú wọn, mo gún wọn lúbúlúbú kún oúnjẹ adìẹ, kí ẹyin wọn lè le. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé mo fi òfò ṣe èrè.

Ìbídùn dé, kò pariwo. Ẹnu adìẹ ló ń wò. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, akàn kejì dàgbà ju ilé rẹ̀ lọ, ìdajì ara rẹ̀ yọ síta, ó ń gbẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ apẹja tí ì bá kó ìkarahun mìíràn wá sì ti kú. Ìgbà náà ni Ìbídùn la ẹnu: "Bàbá ọdẹ, ẹ fi ilé ọmọ mi bọ́ adìẹ. Bí ẹ kò bá wá òmíràn, èyí náà yóò kú, n kò sì ní lè jókòó nínú ilé yìí wò ó."

Àwọn àgbà ní gbogbo ìkarahun tó bá ṣófo láyé, Igbó Ìyá Arulé ló ń padà sí. Mo gbé ìbọn, mo mú ọ̀nà pọ̀n. Ní ẹnubodè igbó náà, mo bá iwin kan tí ojú rẹ̀ wà lórí eékún méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bó bá kúnlẹ̀, ó fọ́jú nìyẹn.

Ó ní, "Ọdẹ, kí lo ń wá?"

Mo ní, "Ìkarahun ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú eékún rẹ̀. "Háà! Ẹran tán nígbó, ọdẹ wá ń ṣa èèpo ìgbín! Ta ló rán ọ?"

"Ìyàwó mi ni."

"Máa kọjá lọ, jàre. Ọkùnrin tí ìyàwó rán níṣẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni jà lọ́nà. Ṣùgbọ́n fi ìbọn yẹn sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀, mo wọlé. Nínú igbó náà, igi ń bọ́ èèpo bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, ejò ń fi awọ sílẹ̀, òkúta pàápàá ń là, òkúta tuntun ń yọ nínú rẹ̀, ohun gbogbo sì dákẹ́ bí ilé tí ọmọ tuntun ti ń sùn. Ní àárín rẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Arulé, arúgbó tó ru ilé sẹ́yìn pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí èéfín ìdáná sì ń yọ lórí òrùlé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, ìyá."

"Ilé ni mo rù, ọmọ mi. Kí ni ìwọ rù?"

"Ẹ̀bi ni, ìyá."

"Ó wúwo ju tèmi lọ. Dìde, dá mi lóhùn. Báwo ni ìgalà ṣe ń mu omi?"

Inú mi dùn. "Á gbé orí sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi ẹnu kan omi."

"Ìgbà wo ni etu ń jáde?"

"Àfẹ̀mọ́júmọ́, ìyá, àti ìrọ̀lẹ́."

"Ọwọ́ wo ni akàn ilé rẹ fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀?"

Mo wo ọwọ́ ara mi, ọ̀tún àti òsì.

"Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ fẹ̀ tó kí ni? Ṣé ó tó àtàǹpàkò, ṣé ó tó ìka kékeré?"

Mo na àtàǹpàkò, mo ká a, mo na ìka kékeré.

Ìyá Arulé mí kanlẹ̀. "Ohun tí o fẹ́ pa lo mọ̀ dájú. Èyí tó ń bá ọ gbé, o kò wò ó rí." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí ìkarahun tó pọ̀ bí iyanrìn òkun, pupa, funfun, dúdú. "Agbọ̀n kan ni mo ń fún ẹni tó bá mọ ìdáhùn. Ìwọ, mú ẹyọ kan."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mú èyí tó tóbi jù. Mo rò ó bí a ti ń rán ẹ̀wù ọmọ ní gbọọrọ, kó lè wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Mo ní kí n má baà tún rin ìrìn yìí mọ́. Ìyá Arulé wo ìkarahun, ó wo ojú mi, ó ní, "Ó dàbọ̀."

Mo dé ilé ní ọjọ́ keje. Ìbídùn sáré pàdé mi, ó gba ìkarahun náà, ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Akàn náà rákò wá. Ó fi ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ tọ́ ẹnu ọ̀nà wò, ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, ọwọ́ kò kan ògiri. Ó jáde nínú ilé àtijọ́ rẹ̀ tí kò gbà á mọ́, ó wọ tuntun, ó gbìyànjú láti gbé e, ilé kò mira. Ó jáde. Ó tún wọ̀ ọ́. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ń wọlé tó ń jáde, títí agbára rẹ̀ fi tán, ó sì kú ní ìhòòhò sí ẹnu ọ̀nà ilé ńlá tí mo rù wá.

Ìbídùn gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, bàbá ọdẹ. Ẹ gbìyànjú." Ó wọlé, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ti yìn mí nítorí erin rí. Kò sí ìyìn kan tó gún mi lọ́kàn bí ti ọjọ́ náà.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí, kó kọ́kọ́ wò ó, kó wò ó pẹ́, kó tó gbé ọwọ́ sí i. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dákẹ́ ló kú, àti pé oore tí a kò fi ìwọ̀n ẹni tó fẹ́ gbà á ṣe, ẹrù ló ń dà lé e lórí. Èmi kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ti wá gbọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín, kí olúkúlùkù jókòó ti ẹni tó ń bá a gbé, kó sì wo ojú rẹ̀ dáadáa.