Ìdí Tí Akàn Fi Ń Fẹ̀gbẹ́ Rìn

Nígbà láéláé, kí etí odò tó dà bó ṣe dà yìí, tí ará ibẹ̀ kan kì í kí ìkejì mọ́, iwájú ni Akàn máa ń rìn sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìrìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín lónìí, ẹ ò mọ̀ ọ́n nígbà ẹwà rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀lé ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá tutù, òun àti ìyá rẹ̀ á jọ gba etí omi lọ, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ títí. Ìgbà yẹn dùn, ó dùn ju báyìí lọ.

Lọ́dún kan, ìyá rẹ̀ lọ ṣa èso ní erékùṣù tó wà láàárín odò. Òjò dé, odò kún. Akàn ìgbà náà kò sì mọ omi wẹ̀ rárá. Pẹ́pẹ́yẹ ló lúwẹ̀ẹ́ wá sọ fún un pé omi ti gba ìdajì erékùṣù, pé ìyá rẹ̀ dì mọ́ gbòǹgbò ọ̀pẹ kan, pé ẹ̀yìn òun ò sì lè gbé e.

Ọ̀pọ̀lọ́, tó jẹ́ àgbà létí odò, ti gbẹ́ ọkọ̀ tuntun kan sínú igbó. Ó ní kí gbogbo ará etí odò jáde wá fà á lọ sómi.

Bí wọ́n ṣe ń fa ọkọ̀ láyé ọjọ́un, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń so mọ́ imú rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù á mú iwájú okùn, àwọn àbúrò á tò sẹ́yìn rẹ̀.

Akàn kọ̀. Ó ní òun lágbára ju Ọ̀pọ̀lọ́ lọ, òun ò sì ní máa wo ìdí Ọ̀pọ̀lọ́ láti inú igbó títí dé odò. Ó so okùn tirẹ̀ mọ́ imú ọkọ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjú síbi tó wù ú.

"Àbúrò, odò ò sí lápá ibẹ̀ yẹn," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí.

"Ẹ̀gbọ́n, agbára lagbára ń jẹ́. Ibi yòówù kí n ti fà á, mo ṣáà fà á."

Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nìyẹn. Ìyá ẹni wà lẹ́nu omi, èèyàn ń ṣe ìgbéraga lórí ta ni yóò síwájú!

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ọkọ̀ ń lọ sọ́nà odò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni Akàn kọjú sí, okùn rẹ̀ sì ń wọ́ ọ tẹ̀lé ọkọ̀. Ló bá ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ kó má bàa ṣubú. Orúnkún rẹ̀ ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ro ó, síbẹ̀ kò dẹwọ́.

Wọ́n dé àárín àpáta méjì, ọkọ̀ bá há mọ́ àpáta tó wà lápá ọ̀dọ̀ Akàn. Akàn fa okùn tagbáratagbára. Bó ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń há sí i. Ó wá yíjú sáwọn yòókù, ó ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn.

Pẹ́pẹ́yẹ ṣẹ́ pòròpórò méjì. Ó fi ìdí èyí tó gùn sójú ọ̀nà odò, ó dá orí rẹ̀ sápá ibi tí Akàn ń fà sí.

"Gbogbo agbára rẹ nìyí," ló wí. Ó fi ìkejì sí orí ti àkọ́kọ́, ó mú un wá sójú ọ̀nà ní ìdábùú gan-an, ó fi èékánná sàmì síbi tó kàn. "Láti ìdí dé ibi àmì yìí, òun nìkan ni ọ̀nà odò rí gbà lọ́wọ́ rẹ."

Akàn wò ó. Kò tó ìdajì pòròpórò gígùn náà.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Àpáta ló ń jẹ ẹ́. Ìwọ lo ń fa ọkọ̀ mọ́ ọn."

Pẹ́pẹ́yẹ wá ń yí pòròpórò gígùn náà sọ́nà odò díẹ̀díẹ̀, ó ń sàmì tuntun, àmì sì ń sún síwájú, títí pòròpórò fi sùn sójú ọ̀nà tí kò ṣẹ́ kù síbì kankan. Ó ní bó bá jẹ́ pé Akàn tiẹ̀ dábùú ọ̀nà pátápátá ni, asán ni gbogbo làálàá rẹ̀ ì bá já sí.

Akàn yíjú sọ́nà odò. Ó ń gbọ́ híhó omi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó tú okùn rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn Ọ̀pọ̀lọ́.

"Fara balẹ̀," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí láìwẹ̀yìn. "Ìdí mi kì í bu èèyàn jẹ."

Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ yọ, ó di inú odò.

Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù, omi ti mu ìyá dé àyà. Akàn bẹ́ sórí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó fẹ́ sáré lọ bá a. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e gbà. Ó tún gbìyànjú, ó tún yà lọ. Ojú tì í débi tí kò lè wo ìyá rẹ̀ mọ́.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí, ọmọ mi?"

"Èmi náà ni, ìyá mi."

Ìyá ò bá a wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí gbòǹgbò, ó la omi kọjá bọ́ sórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ sí ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ kan, ó na ìkejì.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí?" ló bi í. "Kọ́ mi dáadáa."

Bí wọ́n ṣe jọ fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sínú ọkọ̀ nìyẹn, tí ìyá ń wo ojú ọmọ, tí ọmọ ń wo ojú ìyá.

Láti ọjọ́ náà ni akàn, tìyá tọmọ, ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn, tí kò sì sí èyí tó fi èkejì sílẹ̀.