Àálè Tí Àdìgún Lẹ̀ Mọ́ Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ mú ọ̀bẹ wá kí n fi eyín kan irin rẹ̀: ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Nígbà láéláé, etí òkun níbi tí oòrùn ti ń kan ilẹ̀ omi ni àwọn ọlọ́wọ́-mẹ́wàá kéékèèké ń gbé. Wọn kò ní egungun, wọn kò ní ìpẹ́. Ọwọ́ tínrín mẹ́wàá ló yí ẹnu wọn ká, ara wọn kò sì ju àtàǹpàkò lọ.

Nígbà náà, bí tọkọtaya bá fẹ́ bímọ, ọkọ á mú àpò funfun kékeré tí irúgbìn ọmọ wà nínú rẹ̀, á fi lé ìyàwó lọ́wọ́ ní gbangba, gbogbo ará ilé á rí i. Ìyàwó á yé ẹyin sábẹ́ òkúta, àwọn méjèèjì á jọ máa ṣọ́ ọ. Wọ́n á jẹun, wọ́n á dàgbà, wọ́n á rí ọmọ ọmọ. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé ọmọ ta ni.

Àdìgún ló ba nǹkan jẹ́.

Ó fẹ́ Àwẹ̀ró, obìnrin tí ara rẹ̀ ń tàn bí tanátaná. Àdìgún sì ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Àjàgbé, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Bó ṣe yẹ ká kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni, "ìyàwó mi" ni Àjàgbé ń pè é. Bó sì ṣe yẹ kí ìyàwó ilé ṣe, Àwẹ̀ró kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ó sọ ọ́ ní Adúmáadán.

Adúmáadán yìí ni kò jẹ́ kí Àdìgún sùn.

Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, òun ńkọ́, orúkọ wo ló sọ òun? Àwẹ̀ró ní ọkọ òun ni, kí ló tún ń wá? Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Bí Àwẹ̀ró bá rẹ́rìn-ín sí edé, ìjà ni. Bó bá dákẹ́, ìjà ni: ta ló ń rò?

Lọ́jọ́ kan, Àdìgún ní kó dìde, àwọn ń kó lọ sí ibú, níbi tí ojú kankan ò ti ní rí i. Alákàn, aládùúgbò wọn, bi í léèrè bí ojú tirẹ̀ náà á ṣe rí i níbẹ̀. Àdìgún ní òun á fi àálè lé e.

Ẹ̀yin ọmọ mọ àálè. Bí èèyàn bá ṣẹ́gi jọ sẹ́bàá ọ̀nà tí kò tíì rù ú, á so àkísà tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ ọn. Ẹni tó ń kọjá á rí i, á mọ̀ pé igi náà ní ẹni tó ni ín, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Alákàn rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń kanra wọn. Ó ní, "Àdìgún, ojú ni àálè ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ rí i nínú òkùnkùn?"

Àdìgún ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn tààrà ná.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ títí omi fi dúdú bí inú ìkòkò tí wọ́n dé. Síbẹ̀, ó ní kí Àwẹ̀ró pa ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. Ó pa á. Ni òun náà ò bá rí i mọ́.

Ó nawọ́ kiri títí ó fi kàn án. Ó mú àpò irúgbìn rẹ̀ kan, kò fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwẹ̀ró bi í bóyá igi ìdáná ni òun.

Àwọn àpọ́n kan wà nínú ibú yẹn tí ìgbì ti gbé lọ síbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń táràrà kiri. Èyí tó bá fọwọ́ ba Àwẹ̀ró kò rí àálè kankan. Á lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn, á kọjá. Kò pẹ́, ara obìnrin náà dà bí ògiri tí wọ́n lẹ ìwé ìpolongo ìbò mọ́.

Àdìgún fọwọ́ tọ́ ọ wò, ó ba àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Orí rẹ̀ gbóná. Ó yíjú padà láti lẹ̀ kún un, ara kan sì kọjá níwájú rẹ̀. Ó rò pé Àwẹ̀ró ni, ó gbá a mú. Gbogbo àpò tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, láyà, lẹ́yìn, lórí, tó ń bú u bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́.

Ẹni náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Èmi Àjàgbé ni. Ìyá wa ní kí n wá wò yín."

Ó tán nìyẹn. Ẹyọ àpò Àdìgún kan ṣoṣo ló kù láyé, ó wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró láàrin ti gbogbo ayé. Bí yóò bá bímọ láéláé, inú rẹ̀ lọmọ ọ̀hún wà.

Ó wá ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Irúgbìn ta ni yóò lò? Ṣé tòun ni? Àbí ti Àjàgbé náà wà níbẹ̀?

Àwẹ̀ró ní, "O gbé mi wá síbi tí ojú ò ti ríran, o wá ń bi mí ní ohun tí ojú ń rí. Èyí tó bá wù mí ni n óò mú."

Owú kò jẹ́ kí Àdìgún jẹun mọ́. Ara rẹ̀ funfun, ó rọ̀, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀ kó tó mọ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró yé ẹyin, kò rí òkúta, kò sì sí ọkọ tí yóò bá a ṣọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbá ẹyin mọ́ra. Ọwọ́ tí ì bá fi wá oúnjẹ kò ṣófo mọ́, ebi sì ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni akọ ọlọ́wọ́-mẹ́wàá inú ibú ti ń lẹ àpò rẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ìbáà jẹ́ abo, ìbáà jẹ́ akọ bíi tirẹ̀, tí kì í sì í pẹ́ kú. Láti ọjọ́ náà ni abo ti ń ru àpò ọ̀pọ̀ akọ kiri, tó ń yan èyí tó wù ú níkọ̀kọ̀, tó sì ń gbé ẹyin lọ́wọ́ láìjẹun títí ẹ̀mí fi ń bọ́.

Ẹyin Àwẹ̀ró pa, àwọn ọmọ yí i ká. Àgbà wọn bi í pé ta ni bàbá àwọn. Ó fọwọ́ pa wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. N kò ní sọ."

Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. N kò ní sọ.