Ilé Ẹfúnyẹmí ní Òkè-Wúrà

"Onílẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì ń tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó ni ilẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, ló ń rọra rìn lórí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí àwọn àgbà ilé wa ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ìlú ńlá kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Òkè-Wúrà. Wúrà ló dá a sílẹ̀, wúrà ló sì ń bọ́ ọ. Ọjà mẹ́rin ni wọ́n ń ná níbẹ̀, síbẹ̀ ilé kò wọ́n. Ní àwọn ìlú ńlá yòókù, alágbàṣe lè ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, kó má ní ju ẹní tó ń sùn lé lọ. Ní Òkè-Wúrà, alágbàṣe ń ra ilé. Ohun tó fà á ni pé àwọn awakùsà kì í pẹ́ lójú kan. Bí wúrà bá tán ní apá ibì kan, wọn á ta ilé wọn ní ọ̀pọ̀, wọn á sì tẹ̀ lé wúrà lọ síbòmíràn.

Opó kan tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ìlú yìí láti abúlé Arómokò. Iṣẹ́ tó rí ṣe ni kí ó máa fọ yanrìn wúrà létí odò fún àwọn tó ni kòtò. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ pa mọ́. Nígbà náà ni awakùsà àgbàlagbà kan, Ṣàngótóyè, fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀ lọ kú sáàárín àwọn ẹbí. Ó ní òun yóò ta ilé òun fún Ẹfúnyẹmí. Ó pè é wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Yẹmí, mi ò ní fi ohunkóhun pa mọ́ fún ọ," ni bàbá náà wí. "Kòtò àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Igi ni mo tò lé e lórí, mo wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ẹ̀bá ògiri ni kí o máa gbà."

"Ṣé ó jìn, baba?"

"Mo sọ òkúta sí i rí. Mi ò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀."

Ẹlòmíràn ì bá sá. Ẹfúnyẹmí ra ilé náà. Nínú ìdílé rẹ̀, kò sí obìnrin tó tíì ra ilé rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá ojúde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pàǹtí kankan níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá kí òun níwájú ilé òun ni.

Lẹ́yìn náà, ó dá ihò kékeré lu igun kan lára amọ̀ náà. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá ń ti odò bọ̀, agbọ̀n òkúta kan ló ń rù wálé, yóò sì dà á sínú ihò náà. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ìyá Olókùúta. Kò jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀. Ta ló fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé abẹ́ ilé òun ṣófo?

Ọdún méje kọjá báyìí. Ṣàngótóyè ti kú ní ìlú rẹ̀, àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tó ta ilé náà sì ti bá wúrà lọ. Ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá náà, Ọdẹ́wálé, bá dé. Ó lọ bá Baálẹ̀ Lájùwọ̀n, ó ní ilé bàbá òun ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, pé ayálégbé lásán ni obìnrin náà. Baálẹ̀ ní òun yóò fi ojú ara òun rí ilé náà.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, èrò ti kún ojúde. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó sì mú un gba ẹ̀bá ògiri wọlé. Ọdẹ́wálé kò dúró dè wọ́n. Ó gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀bá ògiri," ni Ẹfúnyẹmí wí. "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́."

"Èmi ni kí n rọra tẹ ilé baba mi? Inú ilé yìí ni mo ti kọ́ ìrìn."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi janlẹ̀. Ó tún gbé ti òsì. Igi tí ikán ti jẹ lábẹ́ amọ̀ dá, ilẹ̀ sì là. Ọdẹ́wálé rì dé abíyá, kí òkúta ìsàlẹ̀ tó gbà á dúró. Àwọn èrò sá. Ẹfúnyẹmí dojú bolẹ̀, ó fi àyà wọ́ dé ẹnu kòtò náà, ó sì ju ọ̀já rẹ̀ sí i. Òun àti àwọn ẹmẹ̀wà Baálẹ̀ ni wọ́n jọ fà á jáde.

Baálẹ̀ yọjú wo inú kòtò náà. Òkúta odò ló rí, tó ń dán, tó kún kòtò náà kù díẹ̀.

"Ta ló kó ìwọ̀nyí síbí?"

"Èmi ni, baba. Agbọ̀n kan lójúmọ́, fún ọdún méje."

Baálẹ̀ yíjú sí Ọdẹ́wálé. "Ìwọ tí o kọ́ ìrìn níbí, ṣé o mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀?"

Ọdẹ́wálé ní òun kò mọ̀.

"Ó tán," ni Baálẹ̀ wí. "Onílẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì ń tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì. Ẹfúnyẹmí ló ni ilé."

Ní ọjọ́ kejì, Ọdẹ́wálé padà wá. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ó gbé agbọ̀n, ó ń ru òkúta láti odò títí kòtò náà fi kún. Ẹfúnyẹmí ń se oúnjẹ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ amọ̀ tuntun tí ó sì gbẹ, obìnrin náà tẹ́ ẹní sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti Ọdẹ́wálé, wọ́n sì jọ jẹun níbẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi nǹkan onínǹkan ṣe bó ṣe wù ú, ìbáà ṣe ilé, oko, tàbí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn làágùn fún, òwe yìí ni wọn á pa fún un. Wọ́n tún máa ń pa á láti fi yin ẹni tó ń tọ́jú ohun ìní rẹ̀ tọkàntọkàn. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń mú onílẹ̀ rọra rìn. Ó mọ ohun tí ilẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ òun ni.