Ọ̀bọ, Tísà Ipasẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o! "Àlọ̀!" Àlọ́ mi fò pìrì, ó bọ́ sínú igbó ìjọba lásìkò ọyẹ́, ó bà lé orí Ọ̀bọ.

Eruku bo ilẹ̀, ipasẹ̀ gbogbo ẹranko sì hàn kedere. Ni Ọ̀bọ bá sọ ara rẹ̀ di tísà. Ó kó àwọn ọmọ Òkété sẹ́yìn, ó ń kọrin, wọ́n ń gbè é:

"Ta ló mọ ipasẹ̀?"
"Ìwọ ni, tísà!"

Ẹ bá wọn gbè é, ẹ má sùn!

Wọ́n rí ipasẹ̀ kìíní. Ọ̀bọ ní, "Ti Àgbọ̀nrín nìyí." Òótọ́ ni. Wọ́n rí èkejì. "Ti Ìmàdò." Òótọ́ tún ni. Orí Ọ̀bọ wú. Ẹ̀kẹta rí róbótó. "Ti ajá lásán ni!"

Òkété kan ní, "Bọ̀dá tísà, èékánná ajá náà dà?"

"Panu mọ́! Ó gé e ni."

Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn koríko: "Irọ́ ni. Ajá ló ń fi èékánná tẹlẹ̀. Èmi Ẹkùn, ṣe ni mò ń ká tèmi sínú. Ṣé kí n yọ ọ́, kí ẹ rí i?"

Àwọn Òkété já wọ ihò. Ọ̀bọ fò dé ṣóńṣó ẹ̀ka tín-ín-rín tí kò lè gba Ẹkùn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá fi ipasẹ̀ han Ọ̀bọ, yóò kọ́kọ́ gun igi kó tó ní òun mọ̀ ọ́n.

Bí mo bá purọ́, kí ọyẹ́ la ètè mi!