Ìyá Tí Ó Ń Dúró De Dókítà

Ọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Dókítà láti kékeré. Àìsí dókítà nítòsí ni ó pa ọkọ obìnrin náà, ó sì ti fi í sọ́kàn pé ọmọ òun kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò jìnnà sí ìlú wọn gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ìlera. Gbogbo àdúgbò bá ìyá rẹ̀ pè é ní Dókítà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlera kò bá a lára mu. Ohun tí ọkàn rẹ̀ fà sí ni ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti omi abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn. A máa dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn bí ẹni tí ebi ń pa. Nígbà tí ó yá, ó pààrọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ti òkúta. Ó yege débi pé yunifásítì kan gbà á láti máa bá ẹ̀kọ́ náà lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ó sáré wálé. "Màámi, yunifásítì ti gbà mí!"

Ìyá fò mọ́ ọn. "Dókítà mi ti wọ yunifásítì!" Ó ké e títí àwọn ará ilé fi jáde.

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. Ó ní òun yóò sọ ọ́ tó bá yá, ó sì di ẹrù rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ó lọ ni ìṣó gún ìyá lẹ́sẹ̀ lóko. Ọgbẹ́ náà kọ̀, kò jiná. Nọ́ọ̀sì ìlú wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kíá. Ìyá ní rárá, ọmọ òun ń bọ̀. Ó pe ọmọ lórí fóònù.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀. Bí o bá dé, wàá bá mi wò ó."

"Màámi, ẹ lọ sí ọsibítù."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ọsibítù wo ló ju èyí tí mo fúnra mi bí?"

Ọmọ la ẹnu láti sọ ọ́. Ayọ̀ tó wà nínú ohùn ìyá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa tọ́jú ara yín, Màámi."

Ìsinmi dé, ó wálé. Òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé ẹran kan ló kú sínú ilé. Ó wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ẹ̀gbọ́n ìyá náà jókòó tì í. Ìyá ti rù kan eegun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Ó tú aṣọ kúrò lára ẹsẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Mo sọ fún wọn pé ó ń bọ̀! Dókítà mi, wò ó."

Ẹsẹ̀ náà ti dúdú láti àtàǹpàkò dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀ tì í.

"Màámi, n kì í ṣe dókítà. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀kọ́ mi kí n tó kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òkúta ni mò ń kọ́."

Ẹ̀gbọ́n ìyá káwọ́ lérí. "Òkúta kẹ̀? Ó ń jẹrà síbí, ó ń retí ẹ, òkúta lò ń kọ́?"

Ìyá ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó rọra fa ẹsẹ̀ náà padà sábẹ́ aṣọ, bí obìnrin ti í ṣe bí àlejò bá já wọlé lójijì.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù ńlá. Dókítà ibẹ̀ mi orí. Ó ní ká ní wọ́n tètè wá ni, òògùn ìbá ká a. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Nígbà tí ìyá jí, ọwọ́ rẹ̀ wá ẹsẹ̀ náà lọ lórí aṣọ, ó bá ibẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Òkúta yẹn, ṣé ó wù ọ́?"

"Ó wù mí, Màámi."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ fún mi? Ṣé dókítà ni mo bí ni? Ọmọ ni mo bí."

Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí.

Dúrótoyè, o wá sọ fún mi lónìí pé o ti fi ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀, pé yunifásítì mìíràn ti gbà ọ́ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, o sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. N kò ní bá ọ wí pé o yà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ṣì wà lójú ọ̀nà tí o ti fi sílẹ̀, ó ń retí rẹ. Wọ́n sì ti pè é lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ ìdílé yín. Ta ni o rò pé ó ń dúró dè kí ó wá gba ẹjọ́ rẹ̀ rò?

Dìde. Máa lọ sílé.