Ìbéèrè Tó Sọ Wen Di Olówó

Ẹ̀yin ará, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà! Ní ìlú kan ní Ṣáínà, Gao Wen, ọmọ òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ, ṣe ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá rí olùrànlọ́wọ́, yóò ti iṣẹ́ náà pa lọ́jọ́ kejì. Ló bá tọ Ọ̀gbẹ́ni Lin lọ, ọlọ́rọ̀ ìlú, pé kó fowó ran òun lọ́wọ́.

Lin rẹ́rìn-ín. "Àgbà bíi tèmi! Kí ni màá bi ẹ̀rọ?"

"Bàbá, ṣé kò sí ohun tí ẹ ń wá ni?"

Lin ní, "Tíṣà mi, Ìyáàfin Shu. Ó ń fún mi ní ọ̀dùnkún láràárọ̀ nígbà tí ebi ń pa wá nílé. Mi ò padà lọ dúpẹ́. Ojú ń tì mí láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn."

"Ẹ̀rọ kì í fini ṣẹ̀sín, bàbá. Ẹ bi í."

Lin tẹ orúkọ náà. Wéré, ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan tí Ìyáàfin Shu ṣì ń gbé yọ, tòun ti nọ́ńbà fóònù! Ó pè é, ó sì dárúkọ ara rẹ̀.

"Lin kékeré?" ni ohùn Ìyáàfin Shu, tó ti darúgbó, wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Lin olówó bú sẹ́kún. Ọjọ́ náà gan-an ló fowó ńlá sí iṣẹ́ Wen. Lónìí, Wen lówó ju Lin lọ! Ìwọ tí ò ń tijú láti béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run ńkọ́? Lanu rẹ!