Màrìwò Tí Òkédìran Yà Fún

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ta ni kò mọ òwe yìí? Bí àna bá ṣi yàrá wọ̀, a ó pa òwe náà. Bí ará oko bá lọ jókòó sórí àga baálé, a ó pa á, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Ó máa ń bí mi nínú. Ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Àgbẹ̀ kan wà ní apá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí pápá ti pọ̀ ju igbó lọ. Òkédìran lorúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni agbẹ̀bí ìlú náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì ọmọ ibẹ̀ bọ́ sí. Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró fún àwọn fúnra wọn, Ọmọ́yẹni, apẹja kan ló sì fẹ́ ẹ lọ sí etí òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọmọ́yẹni bímọ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà lọmọ kú. Nígbà tó lóyún kẹta, ó ránṣẹ́ sílé: "Ẹ sọ fún ìyá mi kó máa bọ̀. Bí kò bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ̀bí mi, mo bẹ̀rù pé èmi náà yóò bá ọmọ lọ."

Tọkọtaya gbéra. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n yọ sí òkun. Háà! Wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Igi àgbọn ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́, akàn ń sá káàkiri lórí yanrìn funfun, omi ń bú ramúramù, kò sì lópin. Àwẹ̀ró bu omi náà tọ́ wò, ó tu ú dànù.

"Bàbá Ọmọ́yẹni, ta ló da iyọ̀ sínú gbogbo èyí?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan wọ inú igbó dúdú kan tí gbòǹgbò igi rẹ̀ yọ síta lórí omi. Àwọn kan ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n so màrìwò mọ́ ọn. Èkejì gba orí pápá kan, ó tẹ́jú, ó tutù yọ̀yọ̀, bíi pápá ẹ̀yìnkùlé wọn gan-an. Ní ìlú tiwọn, bí ènìyàn bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà, igbó orò ni. Obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Òkédìran yára fa aya rẹ̀ sẹ́yìn.

"Má wo ibẹ̀ rárá," ni ó wí. "Pápá la máa gbà."

"Ẹ ò jẹ́ ká dúró de ẹni tó máa kọjá, ká bèèrè?"

"Ìrọbí ò ní dúró dè wá. Àbí ẹnì kan ló máa kọ́ èmi Òkédìran ní ohun tí màrìwò ń wí?"

Nítorí ọmọ rẹ̀, Àwẹ̀ró gan-an ló wá ń sáré níwájú.

Pápá náà kì í ṣe ilẹ̀. Koríko ló hun ara wọn bo ẹrọ̀fọ̀ tí kò nísàlẹ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Àwẹ̀ró fi rì dé ìbàdí. Òkédìran di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun náà rì dé orúnkún. Bó ṣe ń fà á ni ẹrọ̀fọ̀ ń gbà á.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni obìnrin náà ń wí. "Ẹ lọ bá ọmọ mi. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé e kúnlẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Ọwọ́ náà ló yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹrọ̀fọ̀ sì bo Àwẹ̀ró mọ́lẹ̀.

Apẹja arúgbó kan tó gbọ́ igbe Òkédìran ló na àjẹ̀ sí i, tó fi fà á jáde. "Ẹ ò rí màrìwò ni?" ni arúgbó bi í. "Àwa la so ó síbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti le."

"Mo rí i, bàbá," ni Òkédìran wí. "Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yà." Ó bú sẹ́kún.

Arúgbó mú un dé ilé Ọmọ́yẹni. Wọ́n bá a níbi tó ti ń rọbí, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. "Ìyá mi dà?" Òkédìran wólẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Nígbà tó fi rántí iṣẹ́ tí aya rẹ̀ rán an, ọmọ ti jáde, kò sì ké. Ọmọ́yẹni kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ó ní kí wọ́n lé bàbá òun síta. Arúgbó náà ló bẹ̀ ẹ́: "Ọmọ mi, má lé e. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran."

Ẹ̀bẹ̀ ni òwe yìí, kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àlejò bá ṣi ẹsẹ̀ gbé ní ìlú tí kò mọ àṣà rẹ̀, tí onílé sì fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, ni àwọn àgbà máa ń pa òwe náà, kí onílé lè foríjì í. Ọmọ́yẹni gba ẹ̀bẹ̀. Kò lé bàbá rẹ̀. Ó gbà á sọ́dọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a, ó ń bọ́ ọ, ó ń fọṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láé.